Ìwé Àyẹ̀wò Kò Lẹ́nu

Ọjọ́ Sátidé kan ni Bàbá Ìbejì gbé àpòòwé aláwọ̀ ilẹ̀ kan sáàárín abọ́ àmàlà tèmi àti tirẹ̀. Ilé oúnjẹ kan ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn, la jókòó sí. Ó ti fọwọ́, ṣùgbọ́n kò tíì bu òkèlè kankan. Ó wò mí lójú, ó ní: "Tíṣà, jẹ́ ká ka èyí ká tó jẹun. Bí mo bá jẹun tán, mo lè má lè sọ ọ́ mọ́."

Èmi ni mo ní ká lọ ṣe àyẹ̀wò. Opó ni mí. Ó ti pé ọdún mẹ́fà tí ọkọ mi ti di olóògbé. Ìyàwó tirẹ̀ náà ti ṣaláìsí, ó fi ìbejì sílẹ̀ fún un tọ́. Oṣù mẹ́rin la ti fi ń rí ara wa, a ò tíì jọ wọ yàrá. Mo sọ fún un pé àgbàlagbà ni wá, kí kálukú lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ wò, ká sì fi ìwé han ara wa. Kò bá mi jiyàn. Èmi lọ síbi tó sún mọ́ ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́, òun lọ síbi tó sún mọ́ ọ́fíìsì tirẹ̀.

Ìwé tèmi ló kọ́kọ́ jáde, ó sì mọ́ látòkè délẹ̀. Mo fà á yọ nínú báàgì mi bí ọmọ tó yege ìdánwò. Tirẹ̀ náà ń mọ́ bọ̀: kò sí éèdì, kò sí àrùn ẹ̀dọ̀ oríṣi B, kò sí sífílísì. Ìlà tó kẹ́yìn ni ẹnì kan fi báírò pupa fàlà sí nídìí lẹ́ẹ̀mejì: hẹ́pìsì, pọ́sítíìfù.

Mo kà á, mo tún un kà. Gbẹ̀gìrì ti ń dì lójú abọ́. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu mi nìyí: "Ta lẹ ń bá sùn?" Ó ní láti ìgbà tí ìyá àwọn ọmọ òun ti lọ, òun kò mọ obìnrin kankan. Mi ò gbà á gbọ́. Mo dìde, mo wọ takisí Micra padà sílé, mo fi òun àti abọ́ àmàlà méjèèjì sílẹ̀ níbẹ̀.

Ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ náà ló jẹ́ kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí. Mo gbà pé ìwé àyẹ̀wò lẹ́nu, pé bó bá ti sọ̀rọ̀, ẹjọ́ ti parí nìyẹn.

Ibi tí mo ti kọ́ ìgbàgbọ́ yẹn kò jìnnà. Àwa Yorùbá kì í fẹ́ra láìwádìí. Láyé àtijọ́, alárenà ló ń rìn láàárín ilé méjì. Kí bàbá tó gbà kí ọmọ rẹ̀ lọ sílé ọkọ, yóò ti rán ẹni tó mòye lọ béèrè: ṣé wárápá kò sí nínú ìdílé yẹn? Ẹ̀tẹ̀ ńkọ́? Wèrè ńkọ́? Ṣé wọn kì í jalè, ṣé wọn kì í jẹ gbèsè? Kò sẹ́ni tó ń ka ìwádìí yìí sí àrífín. Ẹni tí a bá kà sí ni à ń wádìí.

Lóde òní, ilé ìjọsìn àti ilé àyẹ̀wò ti gba iṣẹ́ alárenà. Nígbà tí èmi àti olóògbé fẹ́ ṣègbéyàwó lọ́dún 2006, ìwé jẹ́nótáìpù àti ti éèdì ni pásítọ̀ wa kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ wa kí wọ́n tó dá ọjọ́. Èmi AA, òun AS. Tẹbí tará dúpẹ́. Ìwé jẹ́nótáìpù lẹ́nu lóòótọ́. Ohun tí wọ́n bí mọ́ ènìyàn ni yóò sọ, kì í sì í yí padà. Bí ó ṣe mọ́ wa lára nìyẹn pé ìwé ni yóò máa bá wa sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń ti àwa fúnra wa lójú.

Àbúrò mi obìnrin tí mo kọ́kọ́ fọ̀rọ̀ lọ̀ kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. "Ẹ sá o, Àǹtí mi! Àrùn tí kò gbóògùn! Ṣé ọkùnrin ló tán nílẹ̀ ni?" Ọ̀rẹ́ mi kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní kí n má dá ọkùnrin náà lẹ́bi, ó lè jẹ́ pé ilé ìyàgbẹ́ ibi iṣẹ́ rẹ̀ ló ti kó o. Ọ̀kan ń lé mi, ọ̀kan ń tù mí nínú, àwọn méjèèjì kò sì mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Èmi náà kò mọ̀ ọ́n.

Bàbá Ìbejì kò bínú. Lálẹ́ ọjọ́ Sátidé yẹn gan-an, ó fi fọ́tò ìwé náà ránṣẹ́ sórí fóònù mi, ó ní kí n fi han ẹni tó bá ní ìmọ̀. Lọ́jọ́ Wẹ́sídé, mo gbàyè níbi iṣẹ́, mo lọ bá dókítà obìnrin tó gbẹ̀bí àwọn ọmọ mi. Wọ́n wò ó, wọ́n bọ́ awò ojú wọn.

"IgM ni wọ́n ṣe fún un," wọ́n ní. "Ẹ má tẹ̀ lé èyí rárá."

Wọ́n ṣàlàyé fún mi pé kì í ṣe kòkòrò náà fúnra rẹ̀ ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ń wá, ipasẹ̀ àwọn ọmọ ogun tí ara gbé dìde láti bá a jà ni. Àwọn ọmọ ogun tí wọ́n ń pè ní IgM lè yọjú níbi tí kò ti sí àrùn, wọn kò sì lè sọ bóyá oríṣi kìíní ni tàbí oríṣi kejì. IgG tó mọ ìyàtọ̀ oríṣi méjèèjì ló ṣeé gbára lé díẹ̀. Òun náà ń fẹ́ sùúrù, torí ó lè tó ọ̀sẹ̀ 12 sí 16 lẹ́yìn tí ènìyàn kó àrùn náà kó tó fara hàn dáadáa. Ènìyàn sì gbọ́dọ̀ béèrè nọ́ńbà. Bí nọ́ńbà náà bá ti kọjá 1.1, pọ́sítíìfù ni wọn yóò kọ. Ṣùgbọ́n bí kò bá tíì dé 3, ó lè jẹ́ irọ́, ó yẹ kí wọ́n fi irú àyẹ̀wò mìíràn kín in lẹ́yìn. Èyí tó dájú jù ni kí egbò wà nílẹ̀, kí wọ́n fi òwú nù ún, kí wọ́n sì yẹ omi ara òwú náà wò.

"Ìwé tìrẹ ńkọ́?" wọ́n bi mí.

"Tèmi mọ́, Mà."

"Ibo ni wọ́n kọ hẹ́pìsì sí nínú rẹ̀?"

Mo wá a lókè, mo wá a nísàlẹ̀. Kò sí níbẹ̀. "Wọn ò béèrè ni," Dókítà ní. "Kì í sí nínú ọ̀pọ̀ àpapọ̀ àyẹ̀wò, àfi tí ẹ bá dìídì sọ ọ́. Àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìdènà àrùn, CDC, kò tiẹ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa ṣe é fún gbogbo ẹni tí kò ní àmì kankan, nítorí irọ́ tó lè pa. Pé kò sí nínú ìwé rẹ kò sọ pé kò sí lára rẹ."

Wọ́n wá bi mí ní ìbéèrè tí mi ò retí. "Bí ibà bá mú ọ, ètè rẹ kì í yọ nǹkan?"

Mo dákẹ́. Láti kékeré ni. Bí ara mi bá gbóná, tàbí bí wàhálà ìdánwò bá pọ̀, igun ètè mi kan á kọ́kọ́ máa yún mí, á máa ta mí bí ẹni pé èèrà ń rìn lórí rẹ̀. Kílẹ̀ tó mọ́, iléròrò wẹ́wẹ́ olómi á ti so jọ síbẹ̀ bí ẹyin ẹja. Ìyá mi á ní ibà ló ń jáde sẹ́nu, kí n dúpẹ́ pé kò jókòó sínú. Wọ́n á fi ìka kékeré ha òrí nínú ìgò, wọ́n á fi pa á. Bí ó bá di ọjọ́ kẹjọ tàbí ìkẹwàá, èépá á bọ́, a ó gbàgbé rẹ̀ di ibà mìíràn.

"Hẹ́pìsì nìyẹn," Dókítà ní. "Oríṣi kìíní. Òun àti oríṣi kejì, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wọ́n. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ràn ẹnu, àbúrò fẹ́ràn abẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mọ ọ̀nà abẹ́ pẹ̀lú, ẹnu ni wọ́n máa ń fi gbé e débẹ̀."

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ fún ọdún 2020 pé nǹkan bí bílíọ̀nù 3.8 ènìyàn tí kò tíì pé 50 ọdún ló ní oríṣi kìíní yìí. Ìyẹn ju ìdajì wọn lọ. Oríṣi kejì wà lára nǹkan bí mílíọ̀nù 520 ènìyàn láàárín ọdún 15 sí 49, ilẹ̀ Áfíríkà tiwa ló sì ti wọ́pọ̀ jù lọ.

Mo ti lé ní ọdún 15 lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, bàọ́lọ́jì ni mo sì ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Mo ti ya àwòrán fáírọ́ọ̀sì sójú pátákó láìmọye ìgbà, mo ti ní kí ọmọ ilé ìwé kọ orúkọ àrùn tó ń ti ara fáírọ́ọ̀sì wá sílẹ̀. Mi ò so ó mọ́ ètè ara mi rí. Mo wá rántí àkọ́bí mi. Kò tíì pé oṣù kan tí mo bí i tí ètè mi yọ nǹkan, mo sì ń fi ètè náà kò ó lẹ́nu tàárọ̀ talẹ́. Orí ló bá wa ṣe é. Hẹ́pìsì kì í fi ọmọ tuntun ṣeré. Ó lè wọ inú ọpọlọ rẹ̀, ó sì lè pa á. Ẹ̀yin ìyá àti ìyá àgbà, bí ètè yín bá yọ nǹkan, ẹ fọwọ́ yín mọ́, ẹ má sì fẹnu ko ọmọ jòjòló lẹ́nu tàbí lójú.

Nígbà tí mo jáde níbẹ̀, mi ò lè wọkọ̀. Mo fẹsẹ̀ rìn títí mo fi dé Agodi. Ọkùnrin tí mo dá lẹ́jọ́, bóyá àbúrò ló wà lára rẹ̀, bóyá kò tiẹ̀ sí nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n ti wà lára èmi láti kékeré, wọ́n sì ń fi òrí pa á fún mi. Èyí tó wà lẹ́nu, ibà la pè é. Èyí tó wà lábẹ́, a sọ ọ́ di ìṣekúṣe. Làpálàpá la rí tí a pè ní ẹ̀tẹ̀.

Bàbá Ìbejì tún àyẹ̀wò ṣe, IgG ni lọ́tẹ̀ yìí. Ọkàn mi ń fẹ́ kó sọ pé irọ́ ni ti àkọ́kọ́. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Oríṣi kejì ni, nọ́ńbà rẹ̀ sì ju 6 lọ. Ó pè mí lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ní òun ti rántí nǹkan kan.

Lọ́dún 1999, nígbà tó ń ṣe àgùnbánirọ̀ lókè Ọya, egbò kéékèèké yọ sí i lójú ara. Ara rẹ̀ gbóná, ìtọ̀ ń ta á bí ata. Ojú tì í láti lọ sílé ìwòsàn. Ó lọ bá oníkẹ́míìsì kan, ìyẹn fún un ní kápúsù pupa-òun-yẹ́lò. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ ti gbẹ. Ó gbà pé kápúsù ló wò ó. Láti ìgbà náà, bóyá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún méjì, ibì kan níbẹ̀ a máa yún un fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó máa ń rò pé ooru ni, tàbí bíléèdì tó fi fá irun abẹ́.

Kápúsù kọ́ ló wò ó. Kápúsù irú èyí kì í ran fáírọ́ọ̀sì. Egbò hẹ́pìsì a máa gbẹ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n kòkòrò náà kì í kúrò. Inú iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára ni yóò gbà lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, ibẹ̀ ni yóò sùn sí bí iná abẹ́ eérú. Bí ó bá jí, yóò gba ọ̀nà tó gbà lọ padà wá sí awọ ara. Nígbà mìíràn yóò yọ egbò. Nígbà mìíràn yóò kàn jáde sójú awọ láìsí àmì, ẹni tó ni ara kò ní mọ̀. Irú ọjọ́ àìmọ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kó o ran ẹni tí wọ́n fẹ́ràn. Bẹ́ẹ̀ ni pọ́sítíìfù kì í dárúkọ ẹni tó kó o ran ènìyàn, kì í sọ ọdún tó ṣẹlẹ̀. Ó lè jẹ́ oṣù tó kọjá, ó lè jẹ́ 1999. Ẹni tó bá gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ tó fi lé ìyàwó tàbí ọkọ jáde pé ó ti ṣe àgbèrè, ìwé kọ́ ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

Mo lọ sílé Bàbá Ìbejì lọ́jọ́ Àìkú. Òjò ń rọ̀, àwọn ìbejì ń sùn. A jókòó sí ìta lábẹ́ òrùlé, a gbé àga kojú síra. Mo sọ ti ètè mi fún un. Mo sọ pé mo ti ní oríṣi kìíní láti kékeré, pé mo lè kó o ràn án bí òun kò bá tíì ní in, pé mo bẹ̀ ẹ́ nítorí ìbéèrè tí mo bi í ní Mọ́kọ́lá. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ó wá ní: "Ìyá wọn ńkọ́, Tíṣà? Ṣé mo kó o ràn án?"

Mi ò ní èsì. Ẹni tó ti lọ kò ṣeé yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ó sunkún, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Lọ́jọ́ yẹn ló yé mi ìdí tí àwọn àgbà fi ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Bó ṣe jẹ́ pé nítorí ìyàwó tó ti kú ni ẹ̀rù fi kọ́kọ́ bà á, kí ó tó ro ti ara rẹ̀, ohun tí mo ti ń wá kiri nìyẹn. Kò sí ilé àyẹ̀wò tí ì bá bá mi wá a rí.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. A jọ lọ bá Dókítà. Wọ́n sọ fún wa pé kò sí oògùn tó ń lé hẹ́pìsì kúrò lára, àmọ́ oògùn tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ wà. Iṣẹ́ Gertrude Elion, ọ̀kan nínú àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ìmọ̀ ìṣègùn lọ́dún 1988, àti ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló bí aciclovir. Valaciclovir wá tẹ̀ lé e. Èsì ìwádìí kan jáde lọ́dún 2004 lórí tọkọtaya 1,484 tí ẹnì kan nínú wọn ní oríṣi kejì, tí ẹnìkejì kò ní. Oṣù 8 ni wọ́n fi ń wò wọ́n. Nínú tọkọtaya 743 tí ẹni tó ní in ń lo valaciclovir lójoojúmọ́, ẹnìkejì kó o nínú ilé 14. Nínú tọkọtaya 741 tí wọ́n fún ní hóró tí kò ní oògùn nínú, ilé 27 ni. Oògùn náà dín in kù sí bí ìdajì.

Kọ́ńdọ̀mù ń dín in kù pẹ̀lú, bí kò tilẹ̀ lè dí i pátápátá, nítorí kò bo gbogbo ara tí kòkòrò náà lè gbà jáde. Bí ojú ara Bàbá Ìbejì bá ń yún un, tàbí tó ń ta á, a kò gbọdọ̀ fara kanra títí yóò fi gbẹ délẹ̀. Obìnrin máa ń tètè kó o ju ọkùnrin lọ, bẹ́ẹ̀ ni oríṣi kejì máa ń ṣílẹ̀kùn fún éèdì, ó lè mú kí ewu kíkó o tó ìlọ́po mẹ́ta. Bí obìnrin bá lóyún, kó sọ fún dókítà rẹ̀. Ewu tó pọ̀ jù fún ọmọ ni kí ìyá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o nígbà tí oyún ti gbó, bí egbò bá sì wà nílẹ̀ lọ́jọ́ ìrọbí, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n sábà máa ń fi gba ọmọ. Ní ti ìjókòó ilé ìyàgbẹ́ tí a máa ń di ẹ̀bi rù, Dókítà ní kì í ṣe ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kó o.

Mo ṣe IgG tèmi. Oríṣi kìíní wà, bí mo ti mọ̀. Oríṣi kejì kò sí. Bàbá Ìbejì bẹ̀rẹ̀ sí í lo hóró oògùn rẹ̀ lójoojúmọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tíì àárọ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ tí wọ́n ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ wa, àbúrò mi tó ní kí n sá ló gbé igbá oyin dání. Ó ti lé ní ọdún kan báyìí. Àyẹ̀wò tí mo tún ṣe kẹ́yìn kò rí oríṣi kejì. Bí yóò bá wọlé lọ́jọ́ iwájú, mo mọ ilẹ̀kùn tó lè gbà wọlé, èmi ni mo sì ṣí i pẹ̀lú ojú tó là. Ohun tó fọkàn mi balẹ̀ ju àyẹ̀wò lọ ni pé nígbà mìíràn tí mo bá ń gbálẹ̀ lọ́wọ́, Bàbá Ìbejì á pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á ní: "Tíṣà, ó ń yún mi láti àná." Èmi náà á sì sọ fún un bí ètè mi bá ti ń ta.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bẹ̀rẹ̀ ìfẹ́ tuntun, ẹ̀yin ọ̀dọ́ àti ẹ̀yin tí ẹ ń fẹ́ra lẹ́ẹ̀kejì bíi tiwa, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò. Ẹ ṣe ti éèdì, ẹ ṣe ti àrùn ẹ̀dọ̀, ẹ ṣe ti sífílísì, ẹ ṣe jẹ́nótáìpù. Ní ti hẹ́pìsì, ẹ kọ́kọ́ bá dókítà sọ̀rọ̀ kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè irú àyẹ̀wò tó jẹ́, ẹ béèrè nọ́ńbà, kí ẹ má sì jẹ́ kí ìlà báírò pupa kan tú yín ká. Bí ẹnì kan bá fọkàn tán yín tó fi sọ tirẹ̀ fún yín, ẹ bò ó láṣìírí. Bí ẹ ò bá lè bá a lọ, ẹ fi pẹ̀lẹ́tù kúrò, ẹ má gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde. Ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Nítorí náà, bí ẹ bá mọ̀ pé ó wà lára yín, ẹ sọ ọ́ fẹ́ni tí ẹ fẹ́ràn kí ẹ tó jọ wọ yàrá, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.